Ẹ̀rọ Afinimọ̀nà inú Mọ́tò Philip

Ojú ọ̀tún Bàbá, tó bí bàbá mi, ti lọ tẹ́lẹ̀. Òsì tó kù, dókítà ní kò ní rí ọdún tuntun. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé epo inú àtùpà ti ń tán. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dé fìlà ẹ̀, a jáde. Èmi ni mo mú un lọ. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sí Kàbà, ó kàn gbé rédíò kékeré ẹ̀ sórí itan, kò tàn án. Ìgbà tó kù díẹ̀ ká bọ́ọ́lẹ̀ ló wá ní, "Lois, mo fẹ́ lọ kí Ìye kí ilẹ̀ tó ṣú sí mi."

Ìye la máa ń pe ìyá lọ́dọ̀ tiwa níbí. Ìyá Bàbá ti kú tipẹ́, ìgbà tí Bàbá ṣì ń da ewúrẹ́ kiri. Òkè-Agbọ́n ní ilẹ̀ Bùnù ni wọ́n sin ín sí, lẹ́bàá àpáta kan tó máa ń lọ nǹkan lé. Àwọn ará Òkè-Agbọ́n ò sì sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti kó lọ sétí títì, igbó ti bo ibi tí wọ́n ti wá. Lọ́dún tó ṣáájú, Bàbá lọ bá wọn. Àwọn ọmọ ìlú mú àdá, wọ́n mú Bàbá wọgbó, wọ́n rìn títí oòrùn fi rẹlẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ ẹnì kan ni wọ́n já sí. Ọdẹ tó mọ ibẹ̀ dáadáa ti kú. Bàbá padà wálé pẹ̀lú ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, kò dárúkọ ibẹ̀ mọ́. A rò pé ó ti gbàgbé.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Moses gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó wá. Bọ̀ọ̀dá Moses ni àbúrò bàbá mi, òun ni àbíkẹ́yìn Bàbá. Pọtakọ́ọ̀tù ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó gbé báàgì kan dání tí kò jẹ́ kí n bá òun gbé. Ìgbà tó jẹun tán ló tó ṣí i. Ohun tó mú jáde ò ju ìdajì ọṣẹ gígùn lọ. Dúdú ni, ó ní gíláàsì kékeré lójú, ó ní bọ́tìnnì nísàlẹ̀, nǹkan kan sì yọ lórí ẹ̀ bí àtàǹpàkò.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, Kogi ṣì jẹ́ ọmọdé. Nọ́mbà Kwara ṣì wà lára mọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn àgbà tó bá sì fẹ́ bá ìjọba jà, Ìlọrin ni wọ́n ṣì ń kọjú sí. Fóònù alágbèéká ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sẹ́nì kankan nílé wa tó rí irú nǹkan yẹn rí.

Bàbá gbé e súnmọ́ ojú òsì. "Kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ afinimọ̀nà ni, Bàbá. Àwọn sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ló ń bá sọ̀rọ̀. Tá a bá ti sọ ibi tá à ń lọ fún un, á máa nàka síbẹ̀ títí a ó fi dé."

"Sátẹ́láìtì mọ Òkè-Agbọ́n?"

"Kò mọ orúkọ, nọ́mbà ló mọ̀. Mo ti yọ nọ́mbà ibẹ̀ látinú máàpù àtijọ́ kan tó wà níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n kọ Òkè-Agbọ́n síbẹ̀ gbangba. Kò sì sí létí títì rárá, àárín igbó ló wà."

"Àárín igbó," Bàbá ní. "Ibẹ̀ náà nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan míì.

Mọ́tò Philip la máa gbé lọ. Pijó ni, ó fi ń kó èrò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́jà. Òun àti Bọ̀ọ̀dá Moses jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní sẹ́kọ́ńdírì, ìyẹn ni wọn ò ṣe lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìṣe pé wọ́n ń bú ara wọn. Epo ò sí nílùú lásìkò yẹn, orí ìlà làwọn dérẹ́bà ń jí sí. Philip ní kẹ́ẹ̀gì kan tó gbé pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní tí kì í bá ṣe pé Bàbá ló dúró bíi bàbá fún òun nígbà tóun fẹ́yàwó, kẹ́ẹ̀gì yẹn ì bá di arúgbó níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wa mọ́tò wá sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa. Bọ̀ọ̀dá Moses gbé ẹ̀rọ ẹ̀ bọ́ síta.

"Ibo lo fẹ́ gbé ìyẹn sí?" Philip bi í.

"Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú, lókè."

Òkè gíláàsì yẹn, Philip ti kọ Sùúrù Lérè síbẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, ọ̀dà pupa. Ó wò ó, ó wo Bọ̀ọ̀dá Moses. "O fẹ́ kí n ha Sùúrù Lérè kúrò?"

"Ó gbọ́dọ̀ máa rí ojú ọ̀run ni."

"Kó máa rí i láti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ lèmi náà ti ń rí i."

Bọ̀ọ̀dá Moses ní rọ́bà kan tó máa ń fa gíláàsì mu. Ó tutọ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì, ó gbé ẹ̀rọ há a lẹ́nu. Ó dúró díẹ̀, ó já bọ́ sórí ẹsẹ̀ Philip. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún já. Eruku ọ̀nà Lọ́kọ́jà ti wọ ara gíláàsì yẹn kọjá ohun tí itọ́ lè mú kúrò. Philip bá lọ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó ká táwẹ́ẹ̀lì ẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gbé ẹ̀rọ lé e, ó fi rọ́bà yẹn dì í mọ́bẹ̀ bí ìgbà téèyàn di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́. Kò mì mọ́.

Ó kan iná. Ẹ̀rọ yẹn ní wáyà kan tí wọ́n máa ń kì bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá.

"Ihò yẹn?" Philip ní. "Orógbó ni mò ń kó sí i."

Ó sì kó orógbó jáde níbẹ̀ lóòótọ́, ó fún Bàbá ní ọ̀kan. Wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, kò sí iná. Philip ṣí ìdí ẹ̀, fíúsì ti jó, ó fi irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú wáyà so ó. Ojú ẹ̀rọ náà tàn. Bàbá, tó ti gbé àga síta tó ń jẹ orógbó ẹ̀, ní, "Ó ti sọ̀rọ̀?"

"Ó ń béèrè nǹkan, Bàbá," Bọ̀ọ̀dá Moses ní.

"Kí ló ń béèrè?"

"Ó ń béèrè ibi tó wà."

Philip fi ọwọ́ gbá orí mọ́tò. "Ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹni tó máa fọ̀nà hàn wá, àwa ló ń bi pé ibo lòun wà."

"Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni. Pọtakọ́ọ̀tù ló mọ̀ kẹ́yìn." Bọ̀ọ̀dá Moses ń tẹ bọ́tìnnì, orúkọ ìlú òyìnbó lóríṣiríṣi ń kọjá. Ó yan Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ó tún wọ ibòmíì, orúkọ míì tún ń kọjá, ó ní kí n bá òun wá Minna.

"Minna?" Philip ní. "Bùnù là ń lọ."

"Ibi tí àwọn tó ya máàpù Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ nìyẹn. Téèyàn ò bá sọ fún un pé máàpù Minna la lò, ẹ̀gbẹ́ ibi tá à ń lọ ló máa já wa sí."

"Ìyẹn ni pé wọ́n mọ Minna lójú ọ̀run, wọn ò mọ Kàbà."

"Wọn ò mọ̀ ẹ́, Philip."

"Ará Lọ́kọ́jà mọ̀ mí."

Mo rí Minna, a yàn án. A wá ń retí. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà rí àwọn sátẹ́láìtì, kò rí ọ̀kankan. Bọ̀ọ̀dá Moses wo òkè, igi máńgòrò bo gbogbo wa. Ó ní kí Philip wa mọ́tò bọ́ sí gbangba. Philip ní òun ò ní tan mọ́tò nítorí ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ ewúrẹ́ mélòó kan lọ, ká tì í. A tì í. Bí oòrùn ṣe kàn án, ìlà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àgbàdo ṣe ń hù. Ó pẹ́ díẹ̀, nọ́mbà yọ. Bọ̀ọ̀dá Moses tẹ nọ́mbà Òkè-Agbọ́n tó ti mú wá sí i, ọfà kan sì jáde.

Ọfà yẹn ń yí kiri. Ó kọjú sí kànga, ó kọjú sí ilé ìdáná, ó kọjú sí Philip.

"Ó ti rí mi," Philip ní.

"Tá a bá dúró, kò mọ ibi tí iwájú wà," Bọ̀ọ̀dá Moses ní. "Àfi tá a bá ń lọ."

"Bí àwọn èrò mi nìyẹn. Tí mo bá dúró, kálukú ń na ọwọ́ síbi tó wù ú."

"Tan mọ́tò, jọ̀ọ́. Yí kànga po."

"Epo mi."

Ṣùgbọ́n ó tàn án, ó yí kànga po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi ni mo jókòó síwájú. Bí mọ́tò ṣe ń lọ, ọfà náà dákẹ́. Ibi yòówù ká yí sí, ẹ̀yìn ilé Ìyá Emmanuella, aládùúgbò wa, ló ń nà sí, níbi tí ọ̀nà Bùnù gbà lọ. Mo yọ orí síta, mo sọ fún Bàbá.

"Ó mọ̀ ọ́n," Bàbá ní. Ó dìde, ó lọ mú bàtà ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Moses àti Bàbá jókòó sẹ́yìn, èmi wà níwájú, iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Lójú títì kò sí wàhálà. Bàbá tan rédíò ẹ̀, ó ń gbọ́ ìròyìn. Nígbà tá a kọjá ojú ọ̀nà Odo-Ape, Philip ní tóun bá ń lọ sí Òkè-Agbọ́n, òun ò nílò ẹ̀rọ. Lóòótọ́, kò pẹ́ tá a fi rí ilé díẹ̀ lápá méjèèjì títì, ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kékeré kan, àti àwọn ìyá tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́.

"Òkè-Agbọ́n rèé," Philip ní, ó tẹ bíréèkì. "Kí ni ọmọ Minna wí?"

Mo wò ó. Ọfà nà sọ́wọ́ ọ̀tún, sínú igbó, ó sì ní ọ̀nà ṣì kù.

"Èyí tá à ń lọ kọ́ nìyí," Bọ̀ọ̀dá Moses ní. "Èyí kọ́ ló wà nínú máàpù."

Bàbá kan tó ń jẹ́ Ọláníran dìde lábẹ́ igi. Ó mọ Bàbá, ó kí i bí àwa ará ibí ṣe máa ń kíra wa. "Òkun o, Hezekiah. Ẹ̀gún ẹ̀ṣí ti jáde?"

"Òkun, Ọláníran. Ó ti jáde. Mo wá gba òmíì."

Ọláníran rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀rọ tí wọ́n dì mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò bi wá léèrè ohun tó jẹ́. Ó ní tó bá jẹ́ apá ọ̀tún là ń lọ, ọ̀nà kan wà tí àwọn agégẹdú là, mọ́tò lè wọ̀ ọ́ tí dérẹ́bà ò bá fẹ́ràn mọ́tò ẹ̀.

Philip fẹ́ràn mọ́tò ẹ̀. Láti ìgbà tá a ti wọ ọ̀nà yẹn ló ti ń sọ ọ́. Koríko ń ha abẹ́ mọ́tò, òkúta ń lù ú, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Rédíò ò gbé nǹkan kan mọ́, Bàbá pa á. Mo ń sọ pé, "Apá òsì díẹ̀. Ọ̀tún. Iwájú tààrà." Ọ̀nà tó kù ń dínkù. Bàbá ti súnmọ́ iwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ẹ̀yìn àga mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lójijì ẹ̀rọ náà ké bí ọmọ ẹyẹ, Bọ̀ọ̀dá Moses ní ká dúró.

"A ti dé, Bàbá."

Mo bọ́ọ́lẹ̀. Ilé ti wà níbẹ̀ rí lóòótọ́. Ògiri tó ti wó ti di òkìtì, ewéko ti bò ó. Igi máńgòrò ńláńlá wà lórí ìlà, ọ̀pẹ sì pọ̀. Bàbá bọ́ bàtà ẹ̀ sínú mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú, a rìn lọ sáàárín.

"Àpáta dà?"

"Àpáta wo, Bàbá?"

"Àpáta ọlọ. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú ọlọ wà lára ẹ̀, ibi táwọn ìyá máa ń kúnlẹ̀ sí lọ nǹkan."

Mo wò yíká. "Kò sí àpáta níbí o, Bàbá. Ilẹ̀ lásán ni."

Bọ̀ọ̀dá Moses ti padà sídìí ẹ̀rọ, ó tún nọ́mbà kà. Nọ́mbà náà pé. Ó ní kí èmi lọ wo ẹ̀yìn ọ̀pẹ, Philip lọ wo apá kejì. A lọ, a bọ̀, kò sí òkúta tó ju ìkòkò lọ. Nígbà tá a padà dé, Bàbá ti fi ẹsẹ̀ wá ìpìlẹ̀ ilé kan rí, ilé gígùn, ó ń tọ ògiri ẹ̀ lọ pẹ̀lú ọwọ́. Ó dé igun, ó yà, ó dé ibi àtẹ̀gùn. Ó tẹ àtẹ̀gùn náà lẹ́sẹ̀.

"Igi tó wà lẹ́yìn mi yìí, máńgòrò ni?"

"Máńgòrò ni, Bàbá."

"Ó tò sórí ìlà?"

"Ó tò."

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Sùkúùlù wa nìyí. Mo wà lára àwọn tó gbin máńgòrò yẹn." Ó fi ọwọ́ nu ojú òsì, ojú yẹn máa ń ṣomi tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn. "Ìye ò sùn níbí rí. Ó ti kú ká tó sọ̀kalẹ̀ wá síbí."

Bọ̀ọ̀dá Moses dúró pẹ̀lú máàpù ẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ ní Òkè-Agbọ́n ni."

"Òkè-Agbọ́n náà nìyí."

"Èyí tó wà létí títì ńkọ́?"

"Òkè-Agbọ́n ni."

"Ibi tí Ìye wà ńkọ́?"

"Òkè-Agbọ́n ni, Moses. Ta ló máa ń kó kúrò nílé tó máa fi orúkọ ilé ẹ̀ sílẹ̀?"

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Tí ìlú bá ń ṣí, wọn kì í pe ibi tí wọ́n lọ ní Titun, wọn kì í pe ibi tí wọ́n ti kúrò ní Àtijọ́. Orúkọ ń bá wọn lọ bí ìkòkò àti ẹní, ibi tó kù sẹ́yìn di ahoro, ó tán. Bọ̀ọ̀dá Moses mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbà kan ló rò pé wọ́n ṣí, Bàbá ò sì sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí pé lọ́dọ̀ Bàbá ìlú kan ṣoṣo ni.

Philip lọ ń yọ koríko lábẹ́ mọ́tò ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Moses ká máàpù, ó ní, "Bàbá, òkè pọ̀ ní gbogbo apá ibí. Mi ò mọ èyí tí mo máa gbé nọ́mbà ẹ̀ sí i."

Mo rò pé Bàbá á ní ká máa lọ sílé, bó ṣe ṣe lọ́dún tó kọjá. Ó wá pè mí.

"Lois, dúró síbi tí mo jókòó sí yìí. Kọ ẹ̀yìn sí sùkúùlù. Kí lò ń rí lókè?"

"Òkè, Bàbá. Ó pọ̀."

"Èyí tó ní orí méjì."

Mo wá a. "Mo rí i. Orí kan ga, ọ̀kan kúrú."

"Máa rìn lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Máa wò ó. Tí kúkúrú bá ti sá pamọ́ sẹ́yìn gíga, dúró."

Mo rìn, mo kọjá máńgòrò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu òkìtì kan. Orí kúkúrú ń wọlé sẹ́yìn gíga díẹ̀díẹ̀ títí mi ò fi rí i mọ́. Mo kígbe pé mo ti dúró.

"Ọ̀nà tá a gbà sọ̀kalẹ̀ nìyẹn," Bàbá ní. "Nígbà tá a bá fẹ́ sá níléèwé, ibẹ̀ náà la máa ń gbà gòkè padà."

Bọ̀ọ̀dá Moses wá síbi tí mo wà, ó dúró lẹ́yìn mi, ó wo òkè náà pẹ̀lú ojú kan. Ó ní nínú igbó a ò ní máa rí òkè, ṣùgbọ́n tó bá ti mọ apá ibi tó kọjú sí látibí, ẹ̀rọ lè sọ fún wa tá a bá ń yà. Ó lọ tú rọ́bà kẹ̀kẹ́, ó yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná mọ́tò. Ẹ̀rọ náà kú. Bátìrì inú ẹ̀ ti tán láti Pọtakọ́ọ̀tù, ó gbàgbé láti ra òmíì.

"Irú bátìrì wo ló ń jẹ?" Bàbá bi í.

"Kéékèèké, Bàbá."

Bàbá bọ́ rédíò ẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e fún un. Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó máa ń fọwọ́ kan rédíò yẹn. Bọ̀ọ̀dá Moses ṣí i nídìí, ó yọ bátìrì ẹ̀, ó kó o sínú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ tún là. Ó tẹ bọ́tìnnì kan kó lè rántí ibi tá a wà.

"Kí lo ń tẹ̀ síbẹ̀ yẹn?" Philip bi í.

"Ibi tí mọ́tò wà, ká lè rí i padà."

"Ìyẹn dáa. Kọ ọ́ dáadáa. Kọ ọ́ pé mọ́tò Philip."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Philip ń fi àdá la ọ̀nà níwájú, Bọ̀ọ̀dá Moses ń wo ẹ̀rọ, ó ń sọ pé, "O ti ń yà sósì. Padà." Tí igbó bá là, èmi á wo òkè bóyá orí kúkúrú ti yọ. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹsẹ̀ Bàbá ò gbé e mọ́. Philip fi àdá lé mi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn, Bàbá."

"O máa lè gbé mi?"

"Mo ń kó èèyàn mẹ́ta síwájú mọ́tò."

Ó pọ̀n ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, Philip ń mí gúlegúle, Bàbá ń sọ pé kó ṣọ́ra, òkúta yíyọ̀ kan máa wà lápá òsì. Òkúta yíyọ̀ kan sì wà lápá òsì. Kò pẹ́ sígbà yẹn la jáde sórí àpáta.

Ó tẹ́ lóòótọ́ pẹrẹsẹ. Ojú ọlọ wà lára ẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́, gígùn, jíjìn, ó ń dán, òjò ti rọ sínú wọn. Philip sọ Bàbá kalẹ̀. Bàbá ò dìde dúró, orí eékún ló gbà lọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú ojú ọlọ àkọ́kọ́, ó fa àtẹ́lẹwọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀.

"Kì í ṣe èyí."

Ó sún sí ìkejì. Kì í ṣe ìyẹn náà. Ó ń bọ́ sí òmíì, ó ń bọ́ sí òmíì, apá ẹ̀wù ẹ̀ ti rẹ. Ìríran díẹ̀ tó wà nínú ojú ẹ̀ tó kù, kò lò ó, ó tilẹ̀ di ojú náà. Ó dé ọ̀kan létí àpáta, kò jìn tó àwọn yòókù. Àwọn yòókù tẹ̀ sọ́tùn-ún nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tẹ̀ sósì. Bàbá fa ọwọ́ nínú ẹ̀, ó dúró. Ó tún un fà.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni Ìye," ó ní.

Ó kúnlẹ̀ dáadáa níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì sínú ojú ọlọ náà, ó ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, bí ẹni ń lọ nǹkan. Omi ń ta jáde. A dúró sápá kan. Ní ìsàlẹ̀ àpáta, àwọn òkúta kan wà tí wọ́n tò jọ bí ibojì, kò ga, koríko ti gba àárín ẹ̀ yọ. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá rẹ̀ ẹ́, ó kọjú síbẹ̀.

"Òkun, Ìye," ó ní. "Hezekiah ni. Ẹ ò mọ orúkọ yẹn, sùkúùlù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fún mi."

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó sọ orúkọ kan fún òkúta yẹn. A ò gbọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Moses ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé ẹ̀, kò sì bi í.

Nígbà tó ṣe, Bọ̀ọ̀dá Moses ní òun fẹ́ tẹ ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí àwa tá a kù lè mọ ibẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ò gba orúkọ gígùn, kí ni kóun kọ?

"Má kọ Òkè-Agbọ́n," Bàbá ní. "Òkè-Agbọ́n wà létí títì."

Ìye ló kọ. Èmi ni mo bá a wá lẹ́tà ẹ̀.

Ìgbà tá a padà débi mọ́tò, oòrùn ti ń lọ. Philip tún di ẹ̀rọ mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, ó ki wáyà bọ ihò orógbó. Bọ̀ọ̀dá Moses fẹ́ dá bátìrì padà sínú rédíò, Bàbá ní kó fi í síbẹ̀. Ó ní èmi ni kí n yan ibi tí ọfà máa nà sí, mo mọ ibi tó ń sọ, mo yan Ìye.

A jáde sí títì, a juwọ́ sí Ọláníran, a dorí kọ Kàbà. Kò sí ìròyìn lọ́jọ́ yẹn.

"Lois," Bàbá ní láti ẹ̀yìn. "Níbo ni Ìye wà báyìí?"

Mo wo ẹ̀rọ. "Ẹ̀yìn wa, Bàbá. Apá òsì."

"Ó jìnnà?"

"Kò tíì jìnnà."

Ó kọ ara sí apá ibẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún béèrè, mo tún sọ. Nígbà tá a dé ojú ọ̀nà Odo-Ape ó tún béèrè. Títì ń yí, ọfà náà ń yí, Bàbá sì ń yí ara ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lórí àga, títí Bọ̀ọ̀dá Moses fi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí Bàbá lè ráyè. Philip kàn ń wa mọ́tò jẹ́ẹ́jẹ́.

A dé ilé nígbà tí àwọn adìẹ ti ń wọlé. Philip dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó pa mọ́tò.

"Níbo ni Ìye wà báyìí?" Bàbá bi mí.

Mo wo ẹ̀rọ. Ọfà náà kọjú sí ilé ìdáná. Ó kọjú sí títì. Ó ń yí lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n," mo ní, mo ń fi ìka kan ojú ẹ̀rọ náà.

Philip wo ojú ẹ̀rọ náà, ó wo dígí, ó rí Bàbá tó kọjú sí èmi tó ń retí. Ó tan mọ́tò padà. Ó yí kànga po lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìkejì, kò sì dárúkọ epo.

"Ẹ̀yìn ilé Ìyá Emmanuella, Bàbá," mo ní. "Ibẹ̀ gan-an ló wà."